Intel àti Zilog: Orúkọ Méjì fún Báìtì Kan Náà

Ẹ wo ìlà yìí:

JP 2050H

Bí ẹ bá fi han ẹni tó kọ́ 8085 ti Intel, yóò ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wo èsì ìṣirò tó ṣe kẹ́yìn. Bí èsì náà kò bá sí nísàlẹ̀ òdo, kí ó fò lọ sí àdírẹ́sì 2050H. Bí ẹ bá fi han ẹni tó kọ́ Z80 ti Zilog, yóò ní kò sí "bí" kankan níbẹ̀ rárá, kí ẹ̀rọ ṣáà fò lọ ni. Lójú ti àkọ́kọ́, báìtì mẹ́ta tí ìlà náà dà ni F2 50 20. Lójú ti ìkejì, C3 50 20 ni. Kò sẹ́ni tó ṣì í nínú àwọn méjèèjì. Ibi tó sì ti dùn ni pé ọpọlọ ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́ C3 bákan náà, wọ́n sì gbọ́ F2 bákan náà. Àwa tí à ń kọ ọ́ sórí ìwé ni ẹnu wa kò kò.

Ní Ayépé níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dógbólú, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nídìí ayò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti iná mànàmáná ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní Èkó wá sílé. Ọ̀kan á gbé nóòtù 8085 wá, òmíràn á mú ìwé Z80 tó jogún lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n á jókòó sídìí tábìlì kan, wọ́n á máa ṣe iṣẹ́ kan náà, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò ní jọra. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí kì í yí padà: èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Mo ní èsì sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì náà ní ẹ̀ka.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Intel gbé 8080 jáde ní 1974. Federico Faggin, ọmọ Ítálì, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Masatoshi Shima, ọmọ Jàpáánù, ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú yíya ọpọlọ náà. Ọdún yẹn kò parí tí Faggin fi kúrò ní Intel, tí òun àti Ralph Ungermann dá Zilog sílẹ̀. Shima náà bá wọn lọ. Ní 1976, Z80 dé ọjà. Ọgbọ́n ìtajà wọn kò fara sin: ètò tí ẹnikẹ́ni ti kọ fún 8080, kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí Z80 bó ṣe wà. Nínú irú àṣẹ 158 tí Zilog kà sílẹ̀ fún Z80, gbogbo 78 ti 8080 wà níbẹ̀. Láìpẹ́ sí àkókò náà, Intel gbé 8085 tirẹ̀ jáde, èyí tí volt 5 nìkan tó, nígbà tí 8080 ń bèèrè oríṣi iná mẹ́ta kí ó tó lajú. 8085 yìí ló wá di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa.

Bí báìtì bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí wọ́n fi yí orúkọ padà? Ìtàn tó gbòde láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí ni pé Intel ka àwọn orúkọ àṣẹ rẹ̀ sí ohun ìní tirẹ̀, Zilog kò sì fẹ́ kí ẹjọ́ bá òun nílé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ohun tí Zilog kọ yóò rí i pé ẹni tó ń sá fún ẹjọ́ lásán kò ní ṣe tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà rò láti ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kékeré kan wò ó. Nọ́ńbà mẹ́wàá wà nínú mẹ́mọ́rì, láti 2050H dé 2059H. A fẹ́ rò wọ́n pọ̀, ká fi àròpọ̀ sí 2060H. Bí ọmọ Intel yóò ṣe kọ ọ́ rèé:

        LXI H,2050H
        MVI B,0AH
        XRA A
    L1: ADD M
        INX H
        DCR B
        JNZ L1
        STA 2060H
        HLT

Ti ọmọ Zilog rèé:

        LD HL,2050H
        LD B,0AH
        XOR A
    L1: ADD A,(HL)
        INC HL
        DEC B
        JP NZ,L1
        LD (2060H),A
        HALT

Bí a bá gbé e kalẹ̀ láti àdírẹ́sì 2000H, báìtì mẹ́rìndínlógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà, ẹyọ kan kò sì fi yàtọ̀:

21 50 20 06 0A AF 86 23 05 C2 06 20 32 60 20 76

(Bí àròpọ̀ bá ju 255 lọ, rẹ́jísítà A kò ní lè gbà á, èyí tó kù á sì bọ́ dànù. Ẹ̀bi èdè kọ́ nìyẹn o.)

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú yóò rí ni LD. Orúkọ mẹ́wàá ni Intel ní fún gbígbé nǹkan láti ibì kan lọ síbòmíràn: MOV, MVI, LXI, LDA, STA, LHLD, SHLD, LDAX, STAX àti SPHL. Zilog kó gbogbo wọn, ó sọ wọ́n di LD kan ṣoṣo. Òfin rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ibi tí ẹrù ń lọ ló ṣáájú, ibi tí ẹrù ti ń bọ̀ ló tẹ̀ lé e. Bí àdírẹ́sì bá wà nínú àkámọ́, ohun tó wà ní àdírẹ́sì náà là ń sọ. Bí kò bá sí àkámọ́, nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ni.

Àkámọ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ Zilog. LD HL,2050H ń sọ pé kí HL mú nọ́ńbà 2050H dání. LD HL,(2050H) ń sọ pé kí ó lọ sí 2050H, kí ó kó ohun tó bá níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri ni ti àkọ́kọ́, ohun tó wà nínú yàrá ni ti ìkejì, àkámọ́ sì ni ilẹ̀kùn. Intel máa kọ LXI H,2050H fún ti àkọ́kọ́, á kọ LHLD 2050H fún ti ìkejì. Ẹ wo ìlà méjèèjì dáadáa. Kí ló wà lójú ìwé tó lè sọ fún àlejò pé ọ̀kan ń wọlé, èkejì ò wọlé? Kò sí. Àfi kí o ti há a sórí kí o tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà B tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé Intel, B lè jẹ́ rẹ́jísítà B nìkan, báìtì kan. Ó sì lè jẹ́ B àti C tí a so pọ̀, báìtì méjì. Àṣẹ tó ṣáájú rẹ̀ ni yóò sọ èyí tó jẹ́. INR B fi ẹyọ kan kún B. INX B fi ẹyọ kan kún BC. PUSH B, méjèèjì ló ń tì sókè. LDAX B ń lọ sí àdírẹ́sì tí BC ń tọ́ka sí, ó ń gbé ohun tó wà níbẹ̀ wá sínú A. Lẹ́tà kan, ìtumọ̀ mẹ́ta. Zilog kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí: INC B, INC BC, PUSH BC, LD A,(BC). Ẹni tí kò rí ìwé Z80 rí lè fojú inú mọ ohun tí ìlà kẹrin ń ṣe. Ta ló lè fojú inú mọ LDAX?

Lẹ́tà M náà wà, èyí tí Intel kà mọ́ àwọn rẹ́jísítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe rẹ́jísítà. Ibi tí HL ń tọ́ka sí nínú mẹ́mọ́rì ni M. MOV A,M wà, MOV M,A náà wà. Bí a bá tẹ̀ lé ètò tí wọ́n fi to àwọn kóòdù MOV, kóòdù 76 ló yẹ kó jẹ́ MOV M,M, àṣẹ tí kò lérè kankan. Àyè rẹ̀ ni wọ́n fún HLT, àṣẹ tó ń dá ẹ̀rọ dúró.

Títí dé ibí, ó dà bíi pé mo ti dá Zilog láre. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa, tó ń ka ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, gbé láptọ́ọ̀pù wá. Ètò tó ń ṣe bíi Z80 ló gbé sórí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò dúró o. Ó ṣáà ń yí lọ ni."

"Ìgbà mélòó lo fẹ́ kó yí?"

"Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, sà."

"Báwo lo ṣe kà á?"

"Mo fi 012CH sínú BC. Mo wá kọ DEC BC, mo kọ JP NZ tẹ̀ lé e. Bí olùkọ́ ṣe ṣe é pẹ̀lú B náà ni mo ṣe é."

Òótọ́ ló sọ. Bí olùkọ́ ṣe ṣe é pẹ̀lú B náà ni, ibi tí ọ̀fìn wà sì nìyẹn. DEC B ń fi ẹyọ kan dín B kù, ó sì ń sọ fún ẹ̀rọ bóyá ó ti di òdo. Flag Z ló ń gbé ìròyìn náà. DEC BC ń fi ẹyọ kan dín BC kù, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan flag kankan. Ìròyìn àtijọ́ ni JP NZ yóò bá níbẹ̀, èyí tí àṣẹ mìíràn fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ lè yí títí ayé, ó sì lè jáde lójú ẹsẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ohun tó yẹ kó kọ lẹ́yìn DEC BC ni LD A,B àti OR C: kí ó da báìtì méjèèjì pọ̀, kí ó wò bóyá ohunkóhun ṣẹ́ kù. Ìgbà náà ni JP NZ á ní ohun tí yóò gbà gbọ́.

Ká ní ìwé Intel ló fi kọ́ ọ ni, ojú rẹ̀ ì bá ti là. DCR ni ti báìtì kan, DCX ni ti méjì. Orúkọ wọn kò jọ ara wọn, nítorí ìṣe wọn kò jọ ara wọn. Ibi tí ẹ bá ti rí lẹ́tà X nínú LXI, INX, DCX, LDAX àti STAX, rẹ́jísítà oníbejì wà níbẹ̀. Intel kò tún èdè rẹ̀ ṣe kó wu ojú, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀. Zilog fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bára mu, ó fi DEC kan bo nǹkan méjì mọ́lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń ṣubú sínú kòtò náà láti ìgbà tí Z80 ti dé.

Ẹ tún wo èyí: LD B,(2050H). Gẹ́gẹ́ bí òfin Zilog tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, kò sí ohun tó ṣe é. Ibi tí ẹrù ń lọ ni B, ibi tó ti ń bọ̀ ni ohun tó wà ní 2050H. Ó tọ́ lójú, ó tọ́ létí, kò sì sí i. Z80 kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, 8080 kò ní in, 8085 kò ní in. Nínú àwọn rẹ́jísítà oníbáìtì kan, A nìkan ló lè lọ sí àdírẹ́sì tí a kọ ní tààrà. Bí assembler, ètò tó ń sọ àwọn orúkọ yìí di báìtì, bá wà nítòsí, yóò kọ̀ ọ́ fún ọ. Bí kò bá sí, wàá máa wá kóòdù rẹ̀ kiri nínú táblì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ Intel kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí láéláé. LDA ló mọ̀. A wà nínú orúkọ náà gan-an, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé LDB wà.

Nítorí náà, ohun tí mo rí ni pé orúkọ àwọn Intel ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe rí nínú, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀. Ti Zilog ń sọ ohun tí ẹni tó ń ka ètò nílò láti mọ̀. Àṣẹ kan tí Intel bá kọ, o mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ṣe é. Àṣẹ kan tí Zilog bá kọ, o mọ ohun tí yóò ṣe, bí ó bá lè ṣe é.

Zilog fúnra rẹ̀ kò sì tẹ̀ lé òfin rẹ̀ dópin. Ó ní ká kọ ADD A,B, ó tún ní ká kọ SUB B. Níbo ni A tó wà nínú ti àkọ́kọ́ gbà lọ nínú ìkejì? Ìdí wà: ADD, ADC àti SBC lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú HL náà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ sọ èyí tí à ń bá wí; SUB, AND, OR, XOR àti CP kò mọ ibòmíràn ju A lọ. Ìdí náà dára, ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ ìdánwò lọ́la. Èyí tó tún bí mi nínú jù ni JP (HL). Àkámọ́ wà níbẹ̀, èèyàn á sì rò pé ẹ̀rọ yóò wọlé lọ mú àdírẹ́sì wá látinú mẹ́mọ́rì. Kò wọ ibì kankan. Nọ́ńbà tó wà nínú HL gan-an ló ń fò lọ bá. PCHL ni Intel pe èyí, orúkọ tí kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí kò tan ẹnikẹ́ni: gbé HL sínú PC, rẹ́jísítà tó ń mú àdírẹ́sì àṣẹ tó kàn dání.

Ilé kẹta wà tí mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 1975, MOS Technology gbé 6502 jáde ní dọ́là 25, nígbà tó jẹ́ pé dọ́là 360 ni 8080 fi kọ́kọ́ jáde. Nínú èdè tiwọn, LDA #5 ń gbé nọ́ńbà 5 sínú A, LDA 5 sì ń lọ wo àdírẹ́sì 5. Àmì kékeré yẹn nìkan ló dáwọn yà. Bí ọwọ́ bá yára tó gbójú fò ó, assembler kò ní sọ̀rọ̀, nítorí méjèèjì ló tọ̀nà. Ní ti èyí, àkámọ́ Zilog sàn jù, torí pé ojú kì í tètè fo àkámọ́ méjì.

Ọjà kò tètè dá ẹjọ́ náà. Gary Kildall ló kọ CP/M, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké ìgbà náà. ASM, assembler tó ń bá a wá, kò gbọ́ ju orúkọ Intel lọ. Nítorí náà, Z80 ló wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n MVI àti LXI ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí i. Àwọn Technical Design Labs tilẹ̀ ṣe orúkọ tuntun ní ìrísí ti Intel fún àwọn àṣẹ tí Z80 fi kún ti 8080. Microsoft kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan: nínú MACRO-80 wọn, o lè kọ .8080 tàbí .Z80, assembler náà á sì mọ èdè tí o fẹ́ sọ. Àwọn tó ra kọ̀ǹpútà oní-Z80 bíi TRS-80 láti 1977 àti ZX Spectrum láti 1982 ló wá sọ èdè Zilog di ti gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ló mọ LD kí wọ́n tó mọ ohun tí microprocessor jẹ́.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù, Intel fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Nígbà tí 8086 jáde ní 1978, Intel ní àǹfààní láti tún orúkọ sọ. Kí ló ṣe? Ó da MVI nù. Ó da LXI, LDA, STA, LHLD, SHLD, LDAX àti STAX nù. MOV kan ṣoṣo ló kù fún gbogbo wọn. Ibi tí ẹrù ń lọ ló ṣáájú, bó ṣe ti wà tẹ́lẹ̀ nínú MOV, àkámọ́ onígun sì dé fún ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì: MOV AL,[BX]. INR àti INX di INC. ANA di AND, XRA di XOR. Bí ẹ bá ti ka Zilog rí, ẹ ó rí i pé ọ̀nà rẹ̀ ni Intel gbà, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ fífò ti Intel kò kú. JMP, JZ, JNZ àti CALL wà nínú 8086, wọ́n sì wà nínú àwọn láptọ́ọ̀pù oní-Intel àti AMD tí à ń lò lónìí. Mo gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. JNZ ṣe kedere, ẹnu kan ló gbà. JP NZ kò fi ohunkóhun kún un, ó sì lè fa wàhálà lẹ́tà P tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà yẹn kì í sì í ṣe ti JP nìkan. CP lọ́dọ̀ Zilog ni kí ẹ̀rọ fi A wé nǹkan. Lọ́dọ̀ Intel, ó jẹ́ kí ó pe ètò kékeré kan bí èsì kò bá sí nísàlẹ̀ òdo. RLC lọ́dọ̀ Intel ni ohun tí Zilog ń pè ní RLCA. Zilog náà ní RLC, àṣẹ mìíràn tó gba báìtì méjì ni. Ẹni tó bá ń fi ìwé méjì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún irú àwọn wọ̀nyí ju LXI lọ. LXI kò lè dàrú mọ́ nǹkan kan nínú ìwé Zilog. RLC á dàrú.

Ìyẹn gbé mi padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Nínú láàbù tí wọ́n ti ń fi kíìtì 8085 kọ́ṣẹ́, kì í sábà sí assembler kankan. Bọ́tìnnì nọ́ńbà láti 0 dé F ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì kékeré tó ń tan nọ́ńbà. Ọmọ yóò kọ ètò rẹ̀ sínú nóòtù, yóò wá kóòdù ìlà kọ̀ọ̀kan nínú táblì, yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ ní báìtì kọ̀ọ̀kan: 3A, 50, 20. (Báìtì ìsàlẹ̀ àdírẹ́sì ló ń ṣáájú, kì í ṣe ti òkè. Ní èyí, Intel àti Zilog kò bára wọn jà.) Bí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo ohun tó tẹ̀ á pa rẹ́ kúrò nínú mẹ́mọ́rì, á sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ̀rọ kò rí MOV rí, kò rí LD rí. Nínú nóòtù nìkan ni orúkọ wà. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èdè ṣe pàtàkì fún wa ju fún ẹni tó ní assembler lọ, nítorí pé ojú ọmọ náà nìkan ni ẹ̀ṣọ́ tó wà láàárín nóòtù rẹ̀ àti ẹ̀rọ.

Ibi tí 8080 parí sí ni ìbátan 8085 àti Z80 parí sí. Àwọn àṣẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi kún un kò jọra rárá. Kóòdù 20 lórí 8085 ni RIM, tó ń ka ipò ìdílọ́wọ́ àti ìlà tí dátà ń gbà wọlé. Kóòdù kan náà lórí Z80 ni JR NZ, ó ń fò. 30 ni SIM lọ́hùn-ún, JR NC ni níhìn-ín. Z80 sì ní DJNZ, tó ń dín B kù, tó tún ń fò bí kò bá tíì di òdo. Ó lè rọ́pò DEC B àti JP NZ nínú ètò tí mo kọ sókè: 10 FC, báìtì méjì dípò mẹ́rin. Ẹni tó bá gbé 10 FC yìí lọ sórí kíìtì 8085 yóò bá ohun tí Intel kò kọ sínú ìwé rẹ̀ pàdé, ètò náà á sì ṣe ohun tí kò rán an. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nínú àwọn àṣìṣe tí ọmọ ń gbé wá bá mi kì bá tí wáyé bí táblì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Bóyá mo ń bu iyọ̀ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ní kíìtì nílé lè lo GNUSim8085. Ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lè gbé e, orúkọ Intel ló sì ń gbọ́. Yóò sọ ìlà tí o ti ṣe àṣìṣe fún ọ, yóò sì jẹ́ kí o rí rẹ́jísítà àti flag bí wọ́n ṣe ń yí padà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún ti Z80, àwọn assembler ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ gan-an ló ti ń di ohun àtijọ́: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Zilog kéde pé òun kò ní ṣe Z80 aládàáwà mọ́, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ rà á béèrè kí ó tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún náà.

Èrò tèmi rèé, láìfepo bọyọ̀. Fún ẹni tó ń ka ètò tí ẹlòmíràn kọ, Zilog sàn jù, Intel kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Fún ẹni tó ń kọ ètò lórí kíìtì tí kò sí assembler tí yóò bá a wí, Intel ń dáàbò bò ó ju bí àwọn tó ń bú u ṣe rò lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbé ìbéèrè kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ àti orúkọ èdè sókè ìwé ìdánwò, ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa fojú inú wò ó. Ọmọ tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ fún ara rẹ̀, tí kò sí máàkì tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fún un, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ti Zilog, kí ó sì kọ àtòjọ àwọn àṣẹ tí kì í fọwọ́ kan flag sí ẹ̀yìn nóòtù rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ní ìdánwò 8085 lọ́la, Intel ni kí ó há sórí, kí ó sì gbé ìwé Z80 tì di ọjọ́ kejì ìdánwò.